Ohùn Tí A Gba Ohùn Lé: Ìtàn Rédíò Àwọn Ọmọ Ogun

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a mú wá ní ọ̀tẹ̀ yìí, ó sì kan olúkúlùkù wa tí ohùn bàbá tàbí ìyá rẹ̀ àgbà wà nínú kásẹ́ẹ̀tì níbì kan.

Gascoigne Estate ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Barking, ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ rí mọ̀ pé Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ènìyàn lè ti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn dé òkè kí ó máa gbọ́ "ẹ kú àárọ̀, mà" ní ọ̀nà gbogbo. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni káńsù kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé gogoro ibẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n ti ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ́ tuntun rọ́pò wọn. Bàbá kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ wa wà lára àwọn tí ilé wọn kàn. Ó ránṣẹ́ pé kí àwọn ọ̀dọ́ wá bá òun di ẹrù. Àwa mẹ́rin ni a lọ ní ọjọ́ Sátidé kan.

Nínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni a ti rí àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà. A kọ "Ọ̀rọ̀ Bàbá Mi" sí ara ọ̀kan nínú wọn, a sì ti fi bírò fa ilà gba orí rẹ̀, a wá kọ "BFBS, orin" sí abẹ́. A béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ wa, ó jókòó sórí àpótí, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn.

Ní 1983, akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà bí tiwa, ní ìlú Hannover ní Jámánì. Bàbá tí ó bí i kò mọ ìwé kọ, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì ni ó fi ń ṣe lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà: wọn yóò jókòó ti ẹ̀rọ, wọn yóò kí ọmọ, wọn yóò súre fún un, àwọn àbúrò yóò dá sí i lẹ́yìn, wọn yóò sì fi rán ẹni tí ń lọ sí òkè òkun. Bàbá àgbà yìí wà lára àwọn ọmọ wa tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ja ogun Hítílà ní Bọ́mà. Kò sọ̀rọ̀ ogun náà nílé rí. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ di ará ìdálẹ̀ ni ó tó ro ìtàn náà fún un, ó sì kún ojú kan kásẹ́ẹ̀tì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko.

Ọmọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, BFBS, rédíò àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí gbé orin tí ó wù ú. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo nílé, kò sì sí owó lọ́wọ́. Ó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó tì í bọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ètò orin náà parí, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ó kù nínú ohùn bàbá rẹ̀. Bàbá àgbà kú ní 1986. Wọn kò tún ríra kí ó tó lọ.

A gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà ní ọjọ́ yẹn, láàárín páálí. Díjèé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ṣe àwàdà, ó kí àwọn ṣọ́jà kan àti àwọn ìyàwó wọn, ó gbé orin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nǹkan dún "pá", ohùn àgbàlagbà kan sì jáde láti àárín gbólóhùn. A ní kí Bàbá jẹ́ kí a mú èyí nìkan, kí a pa ìyókù rẹ́. Ó ní rárá o. Ó ní, "Ẹ má pa díjèé yẹn rẹ́. Òun ni ó ń bá mi gbé yàrá ní ìdálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí a wádìí: ta ni àwọn díjèé ọmọ ogun wọ̀nyí, báwo ni a ṣe ń pa ohùn wọn mọ́, èwo sì ni ti àwọn bàbá wa nínú rẹ̀?

BÍ RÉDÍÒ ỌMỌ OGUN ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1940, ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ṣùgbọ́n ìjà kò tíì le. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí ilẹ̀ Faransé nínú òtútù, ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n sì ń yí rédíò wọn sí ibi tí orin bá gbé wà. BBC rí i pé bí òun kò bá dá wọn lára yá, ẹlòmíràn yóò ṣe é. Ó dá ètò kan sílẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun nìkan, Forces Programme. Orin àti àwàdà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí pé nínú bárékè, ogun ènìyàn ni ó ń gbọ́ rédíò kan, ariwo kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ gígùn. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé náà fi gba ètò náà ní tiwọn.

Ẹni tí a mọ̀ jù lọ nínú rédíò yìí kì í ṣe ọmọ ogun rárá. Vera Lynn ni. East Ham ni a ti bí i ní 1917, Upney Lane ní Barking yìí gan-an ni ó sì ra ilé sí kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ibẹ̀ láti Gascoigne. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1941 ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, "Sincerely Yours". Ó ń kọrin, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà: ìyàwó lágbájá ti bímọ, àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá ogun àti àwọn aṣòfin bínú sí i. Wọ́n ní irú orin bẹ́ẹ̀ yóò mú ọkàn jagunjagun rọ̀. Àwọn jagunjagun fúnra wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jìnnà sí ilé mọ ohun tí ohùn ilé ń ṣe fún un; ìyẹn kò ṣòro fún àwa láti lóye.

Àwọn Amẹ́ríkà dá tiwọn sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1942. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1943, rédíò wọn, AFN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ẹ̀rọ kéékèèké tí a gbé sí ẹ̀bá àwọn àgọ́ wọn. Ṣùgbọ́n orin tuntun wọ́n nígbà náà, nítorí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 1942 ni ẹgbẹ́ àwọn onílù àti olórin Amẹ́ríkà ti ń da iṣẹ́ àwo orin sílẹ̀. Ìjọba bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà láti kọrin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ogun, bí ẹnikẹ́ni kò bá ní tà á. Báyìí ni àwo tí a ń pè ní V-Disc ṣe jáde láti 1943 títí di 1949. Wọ́n ṣe é fẹ̀ ju àwo ọjà lọ kí orin lè gùn sí i, wọ́n sì lo ike tí kì í tètè fọ́. Ó lé ní 8,000,000 tí a kó ránṣẹ́ káàkiri ayé.

Àwọn tí ń gbé àwo wọ̀nyí di ẹbí fún àwọn tí kò rí wọn rí. Obìnrin kan, Martha Wilkerson, ni àwọn ṣọ́jà mọ̀ sí G.I. Jill, wọ́n ń kọ̀wé sí i láti ojú ogun pé kí ó gbé orin fún àwọn. Ernie Whitman, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ni ó ń darí ètò "Jubilee", tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú nígbà tí ẹgbẹ́ ogun Amẹ́ríkà ṣì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Duke Ellington àti Count Basie kọrin níbẹ̀. Àwọn ọ̀tá náà mọ iṣẹ́ yìí: ní Tokyo, wọ́n fi Iva Toguri, ọmọ Japan tí a bí ní Amẹ́ríkà, sí ìdí àwo orin kí àárò ilé lè pa àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ogun, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 1949. Ní 1977 ni olórí orílẹ̀-èdè náà tó dárí jì í.

Bí ogun ti parí, rédíò náà kò parí. Ní oṣù keje ọdún 1945, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí tiwọn sí Hamburg; ìyẹn ni ó padà di BFBS tí Bàbá gbọ́ ní Hannover. Cliff Michelmore ní Hamburg àti Jean Metcalfe ní Lọ́ńdọ̀nù jùmọ̀ ń gbé orin ìkíni láàárín ṣọ́jà àti ará ilé wọn. Orí wáyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ohùn ara wọn kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Ní 1950 wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Láti 1977, John Peel náà ń ṣe ètò lórí BFBS fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ Jámánì tí kò wọ aṣọ ogun rí ń fi kásẹ́ẹ̀tì gbà á sílẹ̀. Bàbá kò dá nìkan ṣe é.

ÀWỌN BÀBÁ WA ŃKỌ́?

Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, nínú Dífísọ̀nù 81 àti 82. Àwọn ti 81 gba àfonífojì odò Kaladan lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù nínú igbó, ọkọ̀ òfurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè.

Ní ọdún 1944 kan náà, Vera Lynn kúrò ní ilé, ó rìn títí dé Chittagong àti ilẹ̀ Arakan, ó ń kọrin fún àwọn ọmọ ogun. Òkè àti igbó ni ó pààlà láàárín ibẹ̀ àti àfonífojì Kaladan. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìbọn àwọn Japan ti ba Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tí ó wọ iṣẹ́ ogun ní ọmọ ọdún 16. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú tàbí kí wọ́n fọ́nká. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, fara pamọ́ títí di oṣù Kejìlá, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman sì ń bọ́ wọn, ó sì gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀ nígbà tí ó mọ̀ pé pípa ni wọn yóò pa òun bí àṣírí bá tú. Orin tí ó ti Barking wá kò dé etí Fadoyebo nínú ahéré yẹn.

Ní 1944 náà ni wọ́n ṣí Radio SEAC ní Colombo fún àwọn ọmọ ogun gbogbo agbègbè náà. Lára àwọn ọ̀dọ́ tí ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni David Jacobs àti Desmond Carrington. Àwọn méjèèjì padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rédíò, wọ́n sì ń gbé orin títí di arúgbó. Carrington kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí di 2016, ó kú ní 2017. Inú wa dùn pé a pa ohùn wọn mọ́, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn orúkọ tí a ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ. Kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú wọn. Àwọn tiwa ru ẹrù, wọ́n jà, wọ́n padà wálé ní 1945 àti 1946, wọ́n sì dákẹ́.

Fadoyebo kò dákẹ́. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1999. Nítorí pé ìwé wà nílẹ̀ ni oníròyìn Barnaby Phillips ṣe rí i kà, tí ó fi wá a lọ, tí ó ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 2011, tí ó tún kọ ìwé ní 2014. Fadoyebo kú ní 2012, ohùn rẹ̀ kò sì bá a lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti bàbá àgbà inú kásẹ́ẹ̀tì wa kò ju èyí lọ: ẹnìkan tọ́jú ti ọ̀kan, ẹnìkan sì gba orin lé ti èkejì.

RÉDÍÒ ÀTI ṢỌ́JÀ NÍ ILÉ WA

Ní ilé, bí a bá dárúkọ rédíò àti ọmọ ogun pọ̀, nǹkan mìíràn ni ó ń wá sí ọkàn àwọn òbí wa. Láti 1935 ni àpótí rédíò onírin-wáyà ti dé Èkó, láti 1939 ni ó ti dé Ìbàdàn. Orí ògiri ni ó máa ń wà. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù bá sọ ni yóò sọ, kò sì ṣeé dá lóhùn. Ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Inú rẹ̀ ni àwọn ará ilé ti ń gbọ́ ìròyìn ogun tí ọmọ wọn lọ jà.

Láti 1966 ni orúkọ yẹn wá ní ìtumọ̀ mìíràn. Nzeogwu sọ̀rọ̀ lórí rédíò Kaduna ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún náà. Dimka sọ̀rọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, Abacha ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, Orkar ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1990. Bí ènìyàn bá jí ní òwúrọ̀, tí ó gbọ́ orin àwọn ológun láìsí "ẹ káàárọ̀" láti ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó mọ̀, yóò ti mọ̀ pé ọjà kò ní ná lónìí. Ohùn àwọn ológun wọ̀nyí wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbà wọ́n sílẹ̀, a sì ń gbọ́ wọn di òní. Ṣùgbọ́n ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí wọ́n lé kúrò nídìí ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ta ni ó tọ́jú rẹ̀? Ẹni tí ó bá gbé ìbọn wọlé ni ìtàn ń rántí. Ẹni tí ó ti ń jí wa lójoojúmọ́, a gbàgbé.

BÍ OHÙN ṢE Ń SỌNÙ

Àwọn Yorùbá ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ohùn inú ẹ̀rọ náà, ẹyin ni. Nígbà ogun, àwo ńlá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 16 ni wọ́n fi ń kó ètò rédíò ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ojú kan. Àwọn àwo mìíràn tí wọ́n ń gba ohùn sí ní tààràtà jẹ́ ọ̀dà tí a fi kun irin. Nígbà tí irin wọ́n, wọ́n fi kun gíláàsì. Bí ó bá pẹ́, ọ̀dà náà ń sán, ó ń bó. Èyí tí ó jẹ́ gíláàsì, bí ó bá ṣubú, ó tán. Nígbà tí téèpù dé, owó rẹ̀ pọ̀, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ rédíò káàkiri ayé ń pa ètò àná rẹ́ láti gba ti òní lé e. Téèpù mìíràn sì wà tí ń lẹ̀ mọ́ ara bí ó bá gbó. Àwọn amòye ní láti yan án nínú ooru díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ènìyàn náà ń pa ohùn. Nígbà tí V-Disc parí ní 1949, wọ́n pàṣẹ pé kí a ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tà á. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní Los Angeles ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó kó èyí tí ó lé ní 2,500 pamọ́. Síbẹ̀, ilé ìkàwé ìjọba ní Washington pa ẹ̀dà mọ́, àwọn ṣọ́jà sì ti fi àwọn kan sínú àpò wálé. Bákan náà ni ti ogun Vietnam. Adrian Cronauer gbé orin òwúrọ̀ ní Saigon ní 1965 sí 1966, wọ́n sì ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 1987. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń gbọ́ lónìí láti inú rédíò ogun yẹn jẹ́ èyí tí àwọn ṣọ́jà fi téèpù ara wọn gbà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé fún ìyá wọn. Àwọn arúgbó tí ó jà níbẹ̀ ni ó ń kó o jọ, tí wọ́n ń kọ orúkọ díjèé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ni ó gba púpọ̀ nínú wọn là. Páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwa náà ní páálí. Nínú ilé àwọn òbí wa ní Barking, ní Peckham, ní Mushin àti ní Òṣogbo, kásẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Bí ilé bá ń wó tàbí tí a ń kó ẹrù, òun ni a kọ́kọ́ ń jù sí ààtàn. Nítorí náà, a bẹ̀ yín ní ohun mẹ́rin.

Èkíní, ẹ wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì. Eyín ike kékeré méjì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gba ohùn mìíràn lé e. Bí Bàbá bá mọ èyí ní 1983 ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìbá wà nílẹ̀ lónìí. Nínú ẹ̀rọ gbígbà, ibi tí ń pa ohùn àtijọ́ rẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń kan téèpù kí èyí tí ń kọ tuntun tó dé. Ohun tí ó bá ti lọ, ọgbọ́n ayé kò lè dá a padà.

Èkejì, kí ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún sí i lára. Ohùn tí kò ní orúkọ, ọmọ òrukàn ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì sí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má sì wà ní ilé kan náà. Ní Dagenham, Valence House ni káńsù ń kó ìwé àti ìrántí àdúgbò Barking àti Dagenham sí. Ẹni tí ó ń gbé Gascoigne lè wádìí níbẹ̀, nítorí pé ìtàn Yorùbá ibẹ̀ ti di ìtàn Barking.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe yan ohùn kan kí ẹ pa èkejì. Ohùn díjèé tí ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé yàrá nínú òtútù Jámánì jẹ́ ìtàn. Ohùn bàbá tí ó jà ní Bọ́mà jẹ́ ìtàn. Nínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn, àwọn méjèèjì ti di ara wọn mú. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò mọ bí ayé ọmọ Yorùbá kan ti rí láàárín ilé àti ìdálẹ̀.

A ti ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà mẹ́ta. Bàbá ti kó kúrò ní ilé gogoro yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní ẹ̀dà tiwọn. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ó kù, bàbá àgbà sọ̀rọ̀ omi tí wọn kò rí mu fún ọjọ́ méjì, ó sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n sin sí etí odò, ó sì dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ má baà gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó húkọ́, ó ní: "Ó tó gẹ́ẹ́. Ìyá rẹ kí ọ. Kàwé rẹ, kí o sì máa bọ̀ nílé."

Ẹ lọ wo páálí ilé yín kí ọjọ́ tó lọ. Ire o.